Ẹ̀bẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán Mi Gbà

Òórùn gbágùúdá tí wọ́n ń yan ló máa ń gòkè wá bá mi láàárọ̀ Sátidé nílé ọmọbìnrin mi ní Springfield Gardens, ní New York. Kì í ṣe òórùn gààrí gan-an, nítorí ẹni tó ń yan án kì í jẹ́ kó kan bíi tiwa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, tí ọkọ̀ òfuurufú kò sì tíì fò kọjá lórí òrùlé wa, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo wà. Obìnrin tó ń gbé ní béésìmẹ́ǹtì, tó ń san rẹ́ǹtì fún ọmọ mi, ló ń ṣe é. Yóò rin gbágùúdá náà, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò sì tẹ́ ẹ sórí irin pẹrẹsẹ gbígbóná títí yóò fi gbẹ bíi bisikíìtì ńlá kan. Ó wá láti etíkun orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa ti ń pẹja láti ayébáyé. Tíṣà ló máa ń pè mí, kò sì sí bí mo ṣe ṣàlàyé fún un tó pé mo ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹni tó bá ṣì ń tún gẹ̀ẹ́sì òun ṣe lórí àtẹ̀gùn kò tíì fẹ̀yìn ti ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣáájú àwọn apẹja tó kọ̀ kí ilé-iṣẹ́ kan gba etíkun wọn kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ọlọ́pàá wá mú un nílé, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni. Kò padà wá mọ́. Àbúrò rẹ̀ yìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá títí ó fi sú u, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí kóòtù, adájọ́ kò pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ òun náà ló sá wá sí New York, ó sì ń tọ́jú àwọn arúgbó káàkiri Queens.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe níbí, nítorí àwọn ará ìjọ wa máa ń sọ ọ́ lódì. Wọ́n ní kóòtù Amẹ́ríkà ló bá obìnrin yìí dá ẹjọ́ rẹ̀. Kì í ṣe kóòtù orílẹ̀-èdè tí à ń gbé yìí. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àríwá títí dé ìsàlẹ̀ gúúsù, ní àjọ kan tí wọ́n jọ dá sílẹ̀. Bí ìjọba kan bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, tí kóòtù ilé sì kọ etí ikún sí i, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tí àjọ náà gbé kalẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba náà kò bá gbọ́ ti ìgbìmọ̀, wọ́n lè gbé e dé ilé ẹjọ́ kan tí púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà, kì í ṣe gbogbo wọn, ti gbà pé àwọn yóò máa tẹ̀lé ìdájọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ yìí kò ní ọlọ́pàá, kò sì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Agbára tó ní ni pé kì í gbàgbé. Yóò máa bi ìjọba léèrè ohun tó ti ṣe nínú ìdájọ́, yóò sì tún bi í, títí yóò fi ṣe é tán.

Ọ̀nà yẹn ni obìnrin náà tọ̀, irun rẹ̀ sì ti ń funfun kí ìdájọ́ tó dé. Ilé ẹjọ́ ní ìjọba ló jẹ̀bi. Ó ní kí wọ́n wá ọkùnrin náà, bí ó bá jẹ́ egungun rẹ̀ ló kù, kí wọ́n gbé e fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó sì ní kí ìjọba dúró ní gbangba, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣẹ̀, kí ó sì tọrọ àforíjì. Wọ́n ṣe ètò ẹ̀bẹ̀ kan ní etíkun náà. Nítorí pé obìnrin yìí kò lè padà lọ sílé, lọ́yà rẹ̀ ní kí wọ́n wá ṣe ọ̀kan níbí níṣojú rẹ̀. Ìjọba tètè gbà. Ọ̀rọ̀ sísọ rọrùn ju ilẹ̀ wíwa lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ kankan.

Ó gòkè wá bá mi ní ilé ìdáná ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe ti níbí.

"Tíṣà, ẹ wá jókòó tì mí lọ́jọ́ náà. N kò ní àgbà kankan níbí. Ẹ wọ aṣọ ńlá yín yẹn."

"Agbádá ni wọ́n ń pè é."

"Òun náà. Kí wọ́n rí i pé mo lẹ́nìkan."

Mo bi í pé kí ni yóò sọ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní òun kò ní ohun púpọ̀ láti sọ, ìbéèrè kan ni òun ní: níbo ló wà? Kí aṣojú ìjọba dáhùn níwájú kámẹ́rà, tàbí kí ó dúró síbẹ̀ láìdáhùn kí gbogbo ayé rí i. Èmi, pẹ̀lú ẹnu tíṣà, ní kí ó rọra sọ ọ́, pé ohùn tútù ni í yọ obì lápò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní pariwo, kí wọ́n gbọ́ ni òun fẹ́.

Gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Jamaica, ní Queens níbí, ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ ilé-ìkàwé kan tí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní E ń parí sí. Ilẹ̀ rẹ̀ ń rùn bí ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nù ún, kọfí sì ń hó nínú ìkòkò irin ńlá kan lẹ́yìn. Wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí àga níwájú: ọkùnrin tó gbé ẹja dání, tó ń di ojú kan nítorí oòrùn. Aṣojú ìjọba kò dàgbà ju àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní òpin iṣẹ́ mi lọ. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù, ó ń làágùn. Ó ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ ní èdè tiwọn, ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìjọba òun ló mú ọkùnrin náà, ìjọba òun ló fi í pamọ́, ìjọba òun ló purọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n forí ji ìjọba òun. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà, ó sì tẹ orí ba.

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, obìnrin náà kò mira, fọ́tò yẹn ló ń wò, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìdákẹ́ náà gùn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe sí ara àgbàlagbà. Bí ẹnì kan bá dọ̀bálẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò ní ó ti tó, dìde. A kì í fi ẹlẹ́bẹ̀ sílẹ̀ kí àyà rẹ̀ máa gbá ilẹ̀ tútù. Mo ti ṣe é láàárín tọkọtaya, mo ti ṣe é láàárín olùkọ́ àti òbí tó wá bá a jà dé kíláàsì, títí tí ó fi di ohun tí ara mi ń ṣe láìbi orí mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wúwo jù fún un, pé ó ń wá àgbà tí yóò bá a gbé e.

Mo dìde. Mo gbọn ọwọ́ agbádá sórí èjìká, mo rìn lọ bá ọkùnrin náà, mo sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo sọ ọ́ ketekete kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: "Ọ̀gá, ó ti tó. A ti gba ẹ̀bẹ̀ yín. Kí Ọlọ́run tu gbogbo wa nínú."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n sọ ìdáhùn sí létí nínú ìdánwò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Kámẹ́rà ń tàn. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, gbogbo ilé sì tẹ̀lé e. Obìnrin tó ń darí ètò bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kọfí wà lẹ́yìn.

Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo tó rí i. Ó ti dìde dé ìlàjì, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn àga iwájú mú, ẹnu rẹ̀ sì ti là. Ìbéèrè náà ti dé ẹnu rẹ̀ nígbà tí mo gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó wo àwọn tó ń rọ́ lọ sídìí kọfí, ó wo mí, ó sì rọra jókòó padà.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sílé, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kí ó tó yíjú sí mi.

"Tíṣà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "ta ló rán yín?"

Mo ní àṣà wa ni. Mo ní a kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pẹ́ nílẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn kò sí nílẹ̀. Ìdúró ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nílẹ̀, n kò sì mọ ilẹ̀ wo." Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. "Lọ́dọ̀ tiyín, bí wọ́n bá pa ẹ̀gbọ́n yín, tí wọn kò fi sàréè hàn yín, ẹ máa ń gba ẹ̀bẹ̀?"

Àwa náà la ń sọ pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti kọ òwe yẹn sójú pátákó fún kíláàsì lẹ́yìn kíláàsì, mo ti fi bírò pupa gé máàkì ọmọ tí kò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni ojú ti wá ń tì mí gidi, kì í ṣe nítorí àwọn tó wò mí ní gbọ̀ngàn, bí kò ṣe nítorí pé mo mọ ohun tó yẹ kí n mọ̀, mo sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Agbádá náà gba àga méjì. Mo ń kó o jọ sára, mo ń kó o jọ, kò kéré.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ ọmọbìnrin mi pé kí ó bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà.

"Dádì, ẹ tún fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu sọ? Ẹ dá lọ." Mo ti ń lọ nígbà tó fi kún un pé, "Ẹ má sì wọ agbádá o."

Mo sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, mo ṣí fìlà mi, èmi tí mo lè bí i. Mo ní, "Ohun tó jẹ́ tìrẹ ni mo gbà, tí mo fi ta ọkùnrin yẹn lọ́rẹ. Mo bẹ̀ ọ́." Mo ti múra ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ nípa bí inú mi ṣe mọ́, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Tíṣà."

Mo dúró. Mo ń retí èyí tó máa ń tẹ̀lé e, èyí tí etí wa ti mọ̀ láti kékeré, pé ó ti tán, ẹ dìde, sà. Kò wá. Kò bínú, kò sì tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ó kàn jẹ́ kí ó mọ bẹ́ẹ̀. Mo dé fìlà mi fúnra mi, mo sì gòkè padà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni lọ́yà rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ìjọba ti kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ pé ẹbí ti gba ẹ̀bẹ̀, pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà dé, àti ti wíwá ọkùnrin náà pẹ̀lú. Fọ́tò mi ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi léjìká aṣojú wọn. Lọ́yà ní ó di dandan kí n kọ òtítọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé n kì í ṣe ẹbí ọkùnrin náà, pé ẹnikẹ́ni kò rán mi, pé ti ara mi ni mo sọ. Èmi tí mo ti ń sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ mi ni obìnrin yìí. Mo fún obìnrin náà kà kí n tó buwọ́ lù ú. Ó kà á tán, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Ilé ẹjọ́ náà kò pa á dé. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ ti wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwá ọkùnrin náà kò tíì wáyé, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ ní gbọ̀ngàn tó lè fagi lé e. Wọ́n pe ìjọba láti wá ṣàlàyé, lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ. Obìnrin náà jókòó nínú yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Kò ní kí n wá, n kò sì lọ. Èsì tí wọ́n fún un ni pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ bí òjò bá ti dá. Òjò ti dá, ó sì ti tún rọ̀. Ilé ẹjọ́ ṣì ń kọ̀wé sí wọn, àwọn náà ṣì gbọ́dọ̀ máa fèsì.

A ń kí ara wa dáadáa lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣì ń pè mí ní Tíṣà. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ rí títí dòní pé ọ̀rọ̀ èmi àti òun ti tán, n kò sì béèrè. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìjà tọkọtaya wá sọ́dọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀kan ti bẹ̀bẹ̀ tán, tí èkejì dákẹ́, tí àwọn àgbà ìjọ ń ní kí ó dá a lóhùn, èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó dákẹ́ tó bó ṣe fẹ́. Wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tí arúgbó ti ń dé sí. N kì í ṣàlàyé. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé, màá ní láti sọ pé mo ti rí obìnrin kan tó dákẹ́ rí, mo sì rò pé kò sí nǹkan kan nínú ìdákẹ́ náà, mo bá fi ọ̀rọ̀ mi dí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú ìdákẹ́ náà. Wọn kò tíì fún un ní ilẹ̀ tí yóò sùn sí, ibẹ̀ nìkan ló kù fún un.