Ó Ní Kí N Bá Òun Rà Á

Mo rántí bí ẹ̀rọ fótókópì wa ṣe máa ń gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi ní Agbowó, nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tò dé ojú títì. Ẹ̀rọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é fún odindi ọdún mẹ́ta.

Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló pè mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀rọ kan wà ní Dùgbẹ̀ tó dáa. Bá mi rà á." 'Wọ́n' ni mo máa ń pè é nígbà náà, ìbínú ni kò jẹ́ kí n lè pè é bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Mo ta máṣíìnì ìránṣọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo kó owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́, inú mi sì ń dùn pé èmi náà ti di ẹni tó ní nǹkan. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń nu ẹ̀rọ náà bí ẹni ń nu ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé, mo bá ọkùnrin méjì tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà jáde, Àǹtí sì dúró tì wọ́n. Àǹtí ti tà á fún ẹnì kan ní Òjòó. Mo dínà mọ́ wọn.

"Àǹtí, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi! Ṣebí a jọ rà á ni?"

"A jọ kẹ̀? Mo ní kí o bá mi rà á. O ràn mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ nígbà yẹn. Kúrò lọ́nà."

Oníkiri tó bá ní "ẹ bá mi rà á", kí èèyàn rajà lọ́wọ́ òun ló ń wí. Ẹni tó bá rán ni níṣẹ́ ní "bá mi rà á", kí á rà á wá fún òun ni. Èmi tí mo ti tẹ iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè Yorùbá fún àìmọye akẹ́kọ̀ọ́, ìtumọ̀ tó wù mí nìkan, pé kí á jọ rà á, ni mo gbọ́. Alága àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí mo fẹjọ́ sùn béèrè ìwé àdéhùn. N kò ní. Wọ́n ní kí n lọ bẹ Àǹtí, nítorí àgbà ni. Mo kó ẹrù mi, mo lọ.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní àdúgbò Challenge báyìí, àwọn èèyàn sì ń sọ pé kí n gbàgbé. N kò gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Àǹtí pàdé lọ́jà Bódìjà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ó mà tọjọ́ mẹ́ta!" Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kó jọ sínú dè é láti ọjọ́ yìí, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ẹyọ kan nínú wọn.