Àìsàn Rudayna

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni a fi ń bẹ Rudayna wò. A gbé ọbẹ̀ lọ, a gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ, a gbàdúrà títí ètè wa fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ara ọmọ náà le bí òkúta òkè ìlú Salt ní Jọ́dánì, tí a ń gbé lórí rẹ̀ yìí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ wà níbẹ̀, ọbẹ̀ tèmi náà sì lọ síbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ Rudayna ní ìṣirò nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin, kí n tó fẹ̀yìn tì. Títí dòní, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ọmọ tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ àfi tí o bá fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn án ni. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ti lo ọdún mẹ́jọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn, òun ló ń bá wọn ra gbogbo ohun tí wọ́n ń lò. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé inú ilé tó kọjú sí tèmi. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa gbà pé òun ló kàn. Wọ́n lọ mú ọkùnrin kan wá láti ìta, tó gba ìwé ẹ̀rí okòwò lókè òkun. Lọ́jọ́ kejì tí ọkùnrin náà dé, ó pe Rudayna, ó ní, "Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti ń tan ẹ̀rọ yìí?"

Rudayna bá a tan ẹ̀rọ. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé irú ìwé ẹ̀rí yẹn lòun náà ń lọ gbà. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ítálì tó wù ú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé kan tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Amman. Ìṣirò wà níbẹ̀, ìwé kíkà wà níbẹ̀, irú ìbéèrè kan sì tún wà tó lè sọ ènìyàn di wèrè: wọn kò ní kí o wá ìdáhùn rárá, wọ́n kàn fẹ́ kí o sọ bóyá ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọ tó láti fi rí ìdáhùn, àbí kò tó.

Ìyá Rudayna ní ó dára bẹ́ẹ̀. "Àmọ́ etí kẹta kò gbọdọ̀ gbọ́ o. Ojú ayé ò dáa. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á wò ọ́, wọ́n á wò ọ́, títí wàá fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé wọn kì í ṣófo. Ládùúgbò wa, ènìyàn kì í ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Kó o gbé kọfí kaná ni, àlejò á ti jókòó. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo yà síbẹ̀, mo béèrè ọmọ. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní títì, ó ní, "Orí ń fọ́ ọ díẹ̀. Ó ń sinmi."

Irọ́ kékeré ni. Ká ní èmi nìkan ló pa á fún ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Àmọ́ Alhaja Fawziyya jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Alhaja Fawziyya ti lé ní àádọ́rin ọdún. Opó ni, ọkàn rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn. Kò sí àìsàn tí kò tíì ṣe é rí lọ́kàn ara rẹ̀, àfi èyí tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, orí fífọ́ Rudayna ti dé ilé búrẹ́dì. Nígbà tó máa fi dé mọ́ṣáláṣí, ó ti di ohun tí àwọn dókítà kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìyá Rudayna rò pé tí àìsàn bá wọlé, àlejò á dín kù. Obìnrin tí wọ́n bí sí Salt, tó dàgbà sí Salt! Ńṣe ni àlejò di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí kò bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún méje gbé odindi adìyẹ wá. Rudayna, tó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, á wà nínú yàrá pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àti agogo ìdáná tó fi ń ṣọ́ àkókò. Tí agogo bá dún, Alhaja á béèrè, "Kí nìyẹn?" Ìyá rẹ̀ á ní, "Àkókò oògùn ló tó." Ó ń dún ní ìgbà mẹ́fà láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo. Alhaja á mi orí: "Oògùn ìgbà mẹ́fà! Háà, Ọlọ́run."

Ọmọ náà bẹ ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ara mi ti yá."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá kí ọ kú ewu. Ìyẹn tiẹ̀ máa pọ̀ ju èyí lọ. Jẹ adìyẹ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má burú, àfi ọjọ́ tí Alhaja dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, tó sì gba iwájú yàrá ọmọ náà kọjá. Rudayna ní àṣà kan láti kékeré, èmi náà kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: tó bá ń ṣe ìṣirò, á máa sọ ọ́ sókè. Alhaja gbé etí mọ́ ilẹ̀kùn. Ohun tó gbọ́ ni pé:

"Èkíní nìkan kò tó. Èkejì nìkan kò tó. Méjèèjì papọ̀... méjèèjì papọ̀, kò tó!" Lẹ́yìn náà, ìmí ẹ̀dùn ńlá.

Alhaja kò rántí àlùwàlá mọ́. Ó sáré jáde pẹ̀lú omijé. "Tíṣà! Ẹ̀jẹ̀ ni! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kò tó! Wọ́n ti fún un ní ìgò méjì, kò tó!"

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Òun fúnra rẹ̀! Ó ń dá sọ ọ́ nínú yàrá, ó mà ṣe o!"

Ká má purọ́, èmi náà sunkún.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Sakhr awakọ̀ takisí gbé ìyá àti ọmọ lọ sí Amman ní àárọ̀ kùtù. Bó ṣe padà, ó sọ fún Alhaja pé ilé alájà márùn-ún kan tí pátákó dókítà kún ara rẹ̀ lòun já wọn sí. Alhaja ní, "Iṣẹ́ abẹ ni! Ẹ dìde!" Ó pè mí, ó pe àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ méjì, àwọn géńdé tí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn kí wọ́n má mọ̀, a sì kó sínú takisí kan náà.

Lóòótọ́ ni àwọn dókítà kún ilé yẹn, láti ìsàlẹ̀ títí dé àjà kejì. Ẹ̀ṣọ́ ní ọmọbìnrin tí a júwe náà wà lókè, ní àjà kẹta. A gòkè. Yàrá kékeré ni, ó tutù, ó dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin jókòó, ojú wọn ti funfun. Ọ̀kan ń bọ́ aago ọwọ́ àti yẹtí kó wọ inú àpótí. Wọ́n ní kí òmíràn na àtẹ́lẹwọ́ sórí ẹ̀rọ kan. Mo ní àwọn tó kàn fún iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Mo rọra bi obìnrin tó wà nídìí tábìlì pé, "Rudayna ńkọ́?"

"Ó ti wà nínú, Màmá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n lè sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín."

Alhaja di ọwọ́ mi mú. "Wọ́n ń sinmi láàárín? Wọ́n á la ọmọ kalẹ̀, wọ́n á lọ mu tíì?"

Àwọn géńdé méjèèjì ti ká apá ẹ̀wù sókè. Ọ̀kan sún mọ́ tábìlì, ó ní, "Arábìnrin, a ti ṣe tán. Ẹ fà á." Obìnrin náà sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Rudayna wọlé pẹ̀lú ife kọfí tó lọ rà nísàlẹ̀. Ó rí wa. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaja gbá a mọ́ra, ó ń sunkún sí i léjìká: "O fi pamọ́ fún wa! O fẹ́ dá a gbé!" Ìyá Rudayna wò mí láti orí èjìká yẹn, mo sì rí ojú ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó jókòó láàárín wa, ó ń gba ìtùnú.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Rudayna fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, irun rẹ̀ dà rú, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tiẹ̀ rí wa dáadáa. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó ní, "Màmá, ẹgbẹ̀ta ó lé márùndínláàádọ́ta."

Alhaja pariwo, gbogbo ilé gbọ́. "Ṣúgà ni! Ṣúgà rẹ̀ ló ti lé ní ẹgbẹ̀ta! Tèmi dé ọ̀ọ́dúnrún péré, wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa sin mí sí!" Ó sì ṣubú lé àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀ lórí.

Dókítà kan láti àjà kejì ní ká gbé e wá sí yàrá òun, ó sì wọ̀n ṣúgà, ti Alhaja fúnra rẹ̀ ni o. Inú yàrá dókítà yẹn ni Rudayna ti jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Máàkì ni, kì í ṣe ṣúgà, ó sì fi ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju iye tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń béèrè. Alhaja gbọ́ ọ dópin, ó kọjú sí ọmọ náà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi mu ọbẹ̀ mi, ara rẹ sì le?"

"Ẹ má bínú, Alhaja. Ọbẹ̀ yín ló jẹ́ kí n lè kàwé."

"Ọbẹ̀ aláìsàn ni! Mi ò fi ata sí i nítorí tìẹ! Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá fi ata sí i."

Ọmọ ni ó dárí jì lójú ẹsẹ̀. Ti ìyá ló le. Fún odindi oṣù kan, kò dá Ìyá Rudayna lóhùn. Tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, á kọjú sí ògiri, á bá ògiri sọ̀rọ̀: "Àwọn kan wà tó rò pé ojú wa burú." Mo gbìyànjú láti là wọ́n níjà, wọ́n ní kí n lọ fẹ̀yìn tì dáadáa.

Ilé ẹ̀kọ́ gba Rudayna, wọ́n ní àwọn á san ìdajì owó rẹ̀. Ó lọ ní oṣù kẹsàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó lọ, mo wo ojú fèrèsé, mo rí Ìyá Rudayna tó jókòó sójú ilẹ̀kùn, tó ń bó ẹ̀wà tútù tó tó ènìyàn mẹ́rin jẹ, òun nìkan ṣoṣo. Mo fẹ́ wọ bàtà kí n lọ bá a. Kí n tó jáde, Alhaja ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè pẹ̀lú àpò aṣọ lápá.

Ó ní, "Sún síbẹ̀ jàre. Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Àmọ́ mi ò lè sùn kí n máa rò pé o wà nìkan."

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa lò. Oṣù karùn-ún nìyí. Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó pa tẹlifíṣàn.