Godspower Tí Kì í Tẹ Bíréèkì

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé èṣù ló ti mọ́tò Olóyè Ọlábọ̀dé sómi ní Igbókòdá. Godspower ni! Èmi Jọọlá, mẹkáníìkì, ni mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Òde Mahin. Ọkọ̀ ojú omi ò ní bíréèkì. Tí èbúté bá ti ń sún mọ́, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á máa yọ́ lọ, á fi imú kan pákó jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Godspower. Ṣùgbọ́n ìgbì ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí Olóyè ra mọ́tò oníná, tó sì gbà á ní dírẹ́bà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

"Bùrọ̀dá Jọọlá, tí iṣẹ́ yìí bá bọ́, omi ni mò ń padà sí. Ẹ̀yìn mi ò sì lè gbà á mọ́."

Mọ́tò tí kì í mu epo! Gbogbo ìlú jáde wá wò ó. Iná ọba ò kúkú sí, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń gba iná sí i, epo tí jẹnẹrétọ̀ yẹn sì ń mu, mọ́tò mẹ́ta ò lè mu ún. Nítorí ọ̀wọ́n epo, wọn kì í jẹ́ kí bátìrì kọjá ààbọ̀.

Kò pẹ́ tí Godspower rí i pé bí òun bá ti gbẹ́sẹ̀ sókè lórí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré, mọ́tò á rọra dúró fúnra rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un: táyà tó ń yí ló ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á wá máa dá iná padà sínú bátìrì, iṣẹ́ yẹn ló sì ń fa mọ́tò sẹ́yìn.

"Ṣùgbọ́n máa tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yìí, bíréèkì tí wọn ò bá lò á dógùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí ò mọ ọkọ̀ wà ló ń tẹ bíréèkì."

Ọdún kan gbáko ló fi ń fi bẹ́ẹ̀ yangàn létí omi. Hẹn-ẹn!

Lọ́jọ́ tí àlejò Olóyè ń bọ̀ lójú omi, Olóyè ní kí wọ́n gba iná sí bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú, kí ojú má ti òun. Godspower gbé Olóyè dé èbúté láti pàdé àlejò náà, ó gbẹ́sẹ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe. Mọ́tò ò dúró. Bátìrì tó ti kún, ibo ló fẹ́ gba iná sí? Nígbà tí kò gbà á, kò sí ohun tó fa mọ́tò sẹ́yìn. Ó sáré tẹ bíréèkì. Ó ti dógùn-ún. Ó han gooro, kò mú.

Olóyè bi í pé, "Godspower, níbo là ń lọ?"

"Òde Mahin, sà."

Omi dé fèrèsé kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó fà wọ́n jáde. Olóyè ò bú u. Ó kàn na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́.

Godspower ti padà sójú omi báyìí. Tó bá ti pa ẹ́ńjìnnì létí èbúté, gbogbo èrò á pariwo pé, "Bíréèkì o!" Èmi náà máa ń bá wọn pariwo láti orí èbúté. Lánàá, ọkọ̀ ti fara kan pákó, ó fẹ́ dìde so okùn, ó di ẹ̀yìn mú, kò lè nàró. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo sọ fún un, àbí n ò sọ fún un? Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀.