Òjé Inú Tìróò

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í ṣe èyí tó rọrùn láti ṣàlàyé fún àna. Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ara ni mò ń yẹ̀ wò, àti àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Bí àwọn ilẹ̀kùn yìí bá ń ṣí tí wọ́n sì ń tì lásìkò, èèyàn á máa rìn, á máa ronú, á máa rẹ́rìn-ín. Bí májèlé bá bà wọ́n jẹ́, ó lè di wárápá, ó lè di ọwọ́ gbígbọ̀n, ó sì lè di ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í yé. Òjé, irin tí òyìnbó ń pè ní lead, ni èmi ń bá fà á. Aláwàdà burúkú ni òjé. Ó máa ń ṣe bí ẹni tó wọ kóòtù dé ẹnu géètì àdúgbò olówó ní Magodo, tí ẹ̀ṣọ́ ń kí i káàbọ̀ láìbi í léèrè ilé tó ń lọ. Ilẹ̀kùn káṣíọ̀mù, èròjà inú wàrà tó ń mú eegun le, ló ń gbà wọlé, á sì dí ọ̀nà mọ́ onílé.

Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin mi, ìyá ọkọ mi fi ìsọ̀ àlùbọ́sà wọn ní Mile 12 sílẹ̀ fún ẹlòmíì, wọ́n wá sílé wa ní Ketu láti bá wa wẹ ọmọ. Ká sọ tòótọ́, n kò tíì rí ẹni tó mọ ọmọ wẹ̀ bíi tiwọn. Ọmọ tó ń figbe ta bí mo bá fọwọ́ kàn án á dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí ẹsẹ̀ wọn. Ọkọ mi ní mò ń jowú. Kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ojú ọmọ mi ní dúdú tó ń dán.

"Wo ojú ọkọ mi!" ni Mummy wí. "Ojú ẹ̀ máa mọ́ kedere."

Tìróò ni wọ́n lé fún un. Àwọn fúnra wọn kì í jáde láì lé e, láti ìgbà ìyàwó wọn, ó sì yẹ wọ́n gan-an. Kì í ṣe gbogbo tìróò ló ní òjé nínú, àmọ́ mo mọ̀ pé òkúta òjé ni wọ́n ń lọ̀ ṣe òmíràn. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ìyá ọkọ pé ohun tí ìyá tiwọn lé fún wọn lè jẹ́ májèlé? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Mo wojú ọkọ mi. Ọkùnrin náà rántí lójijì pé òun fẹ́ ra epo sí mọ́tò.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níbẹ̀ díẹ̀, kí n yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Kí èsì ẹ̀ tó dé, ẹ jẹ́ ká ṣì dá a dúró."

Wọ́n pòṣé, wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi, àmọ́ wọ́n fún mi, wọn kò sì lé e fún ọmọ mọ́.

Òjé ló kún inú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, mo sì ń retí kí wọ́n di ẹrù wọn. Wọ́n fa ọmọ mọ́ra.

"Ṣé ó ti wọ ọmọ lára?"

Mo ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Àwọn ni wọ́n gbé e dé ọsibítù, àwọn náà ni wọ́n dì í mú nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ dókítà ní kò tíì dé ibi tí a ó ti máa lo oògùn, pé kí a fún un lóúnjẹ gidi, kí a sì padà wá. Nígbà tí a padà lọ, ó ti wálẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ nínú mọ́tò láìtijú.

Mo rò pé ó ti parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, mò ń gbé omi kaná, Mummy wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ìyàwó mi, mo bí ọmọ kan ṣáájú ọkọ ẹ. Gìrì ló pa á. Èmi ni mò ń lé tìróò fún un láràárọ̀. Ṣé òun ló pa á?"

N kò gbọ́ nípa ọmọ náà rí. Irọ́ aládùn kan ti wà lẹ́nu mi, pé rárá o, Mummy, kì í ṣe òun. Wọ́n ti rí i lójú mi.

"Má purọ́ fún mi o. Torí o kì í purọ́ ni mo ṣe fún ẹ ní tìróò mi."

"Mummy, mi ò mọ̀. Ibà lásán náà lè fa gìrì. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n mọ́."

Wọ́n mi orí, wọ́n jókòó sórí àga kíṣìnnì, wọ́n sì sunkún. Mo dì wọ́n mú. N kò tíì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi lọ sí àsàlátù wọn ní Ikosi, wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún àwọn ìyá. Mo ṣàlàyé ilẹ̀kùn, mo ṣàlàyé òjé, wọ́n kàn ń wò mí ni. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ní, "Aunty, àwọn ìyá wa lé e fún wa, a ò kú."

Ìyá ọkọ mi dìde. Wọn kò lé tìróò lọ́jọ́ yẹn.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Mo lé e fún gbogbo wọn. Mo sin ọ̀kan. Mo bi ìyàwó mi bóyá òun ló pa á, ó lóun ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀, mi ò dẹ̀ ní mọ̀ ọ́n títí màá fi kú. Ìwọ tí ọmọ ẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ, gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí o mọ̀ ọ́n."