Gbé Ìbọn Sílẹ̀

Láti ìgbà tí Túnráyọ̀ ti di ìyàwó Matthias ni ìbọn ṣakabùlà ti wà lára ògiri yàrá wọn ní Odode. Ó bá a níbẹ̀ ni. Ó bímọ lábẹ́ rẹ̀, ó tọ́mọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti nu eruku ara rẹ̀ ju iye ìgbà tí ẹni tó ni ín ti yìn ín lọ. Obìnrin tó ń sá kòkó láti òwúrọ̀, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í ṣe oníjà. Àmọ́ ẹ̀tù kì í wọ́n nínú ìbọn yẹn. Matthias ní olè kòkó kì í dúró kí èèyàn ki ìbọn tán.

Túnráyọ̀ fara dà á títí Jemima, àbíkẹ́yìn wọn, fi bímọ sí Àkúrẹ́. Olúwapamílẹ́rìn ni orúkọ ọmọ náà, ó sì ti ń rá báyìí. Jemima sọ ọ́ lórí fóònù láìfi bò, pé òun ò ní gbé ọmọ wá ṣe Kérésì níwọ̀n ìgbà tí ìbọn bá wà nínú ilé. Ó dun Túnráyọ̀ wọra.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wá kéde pé àwọn wà lẹ́yìn òfin ìbọn, pé kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ gbé tirẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìjókòó iwájú ni Túnráyọ̀ ti jókòó níbi ìpàdé tí wọ́n pè. Kánsẹ́lọ̀ Olúyẹ́misí na pátákó sókè: GBÉ ÌBỌN SÍLẸ̀. Àwọn ọdẹ pàtẹ́wọ́. Inú wọn dùn sí àlejò wọn débi pé wọ́n yin ìbọn sókè láti fi bu ọlá fún un. Díẹ̀ ló kù kí kánsẹ́lọ̀ kó sábẹ́ tábìlì. Túnráyọ̀ fi ìborùn bojú.

Lọ́jọ́ kejì, Matthias ń súfèé kiri ilé. Ó ní òun ti pa òfin mọ́. Ògiri ṣófo lóòótọ́. Túnráyọ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bá ìbọn tó nà gbalaja síbẹ̀.

“Bàbá Jemima, kí lèyí?”

“Wọ́n ní ká gbé ìbọn sílẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀. Àbí ilẹ̀ kọ́ nìyẹn?”

“Ẹ̀tù inú rẹ̀ ńkọ́?”

“Kánsẹ́lọ̀ ò dárúkọ ẹ̀tù.”

Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Nígbà tí ìbọn wà lókè, ọwọ́ ọmọ kò lè tó o. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wá wà yìí ni ibi tí ọmọ tó ń rá yóò kọ́kọ́ dé. Matthias tó ń túmọ̀ Bíbélì fún gbogbo ìjọ wá di ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Túnráyọ̀ sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́ bó. Ọkùnrin náà ní ẹni tó bá fẹ́ kí òun gbé e sílẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, kó wá gbẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tí Matthias ti oko dé lọ́jọ́ Ẹtì, ààrò tutù. Rẹ̀mí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ilé kejì, ló jíṣẹ́ fún un.

“Ìyá Jemima ò sí nílẹ̀, Bàbá. Wọ́n ti lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ilẹ̀ kan náà ò lè gba àwọn àti ìbọn pọ̀.”

Ní Àkúrẹ́, Túnráyọ̀ ń gbé ọmọ jó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ kòkó tó sá kalẹ̀, àti lọ́dọ̀ ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀. Ó ń bínú sí i, ó sì ń ṣàárò rẹ̀. Èkejì yìí ló ń bí i nínú jù.

Kò pẹ́ tí Matthias fi pè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Ìyá Jemima, mo ti gbé e sílẹ̀.”

“Níbo?”

“Ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bi Rẹ̀mí, òun ló bá mi lọ.”

Rẹ̀mí gba fóònù, ó ní òótọ́ ni. Omijé bọ́ lójú Túnráyọ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní kí Jemima máa kó aṣọ ọmọ sí báàgì, wọn yóò ṣe Kérésì nílé. Ó wá pe ọkọ rẹ̀ padà.

“Ẹ ṣeun, Bàbá Jemima. Ṣé ọkàn yín balẹ̀?”

“Ó balẹ̀. Ògiri tó ṣófo yẹn nìkan ni ò dùn ún wò. Mo ti gbé ti oko wá, mo fi kọ́ síbẹ̀.”

Láti ọjọ́ tí Túnráyọ̀ ti wọlé ọkọ, kò gbọ́ ọ rí pé ìbọn kan tún wà lóko. Ó wo Olúwapamílẹ́rìn tó ti rá dé ìdí ẹrù, tó ń fa ìdè rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá ọmọ tú u.