Àwo Orin Tó Ń Sọ̀rọ̀

Láìpẹ́ yìí, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Òṣogbo, dírẹ́bà sì tan rédíò. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń lọ jẹ́jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sóòlù. Nígbà tó dé àárín, akọrin náà fi orin sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò kọrin mọ́ rárá. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì ọ́, gìtá sì ń dún lábẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wà níwájú mi ní, "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù." Dírẹ́bà sì yí i. Mi ò bá ọmọ náà jà. Kò lè mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sọ ẹnì kan di àna wa.

Ìlobùú ni wọ́n bí mi sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé Bàbá àgbà ni gbogbo wa ń gbé, ilé olófàráńdà gbọọrọ kan tí páànù rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé tí a kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n kí a tó ká a. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni màmá mi. Àgbẹ̀ ni Bàbá àgbà, èèyàn dáadáa sì ni, àmọ́ Ọlọ́run ò fún un ní sùúrù. Tí o bá ń ròyìn nǹkan fún un, kò ní jẹ́ kí o dé ìdajì tí yóò fi sọ pé, "Gé e kúrú." Kódà a ti gbọ́ ọ rí tó sọ ọ́ fún pásítọ̀ tó ń gbàdúrà.

Bàbá mi ní ẹ̀rọ agbáwo kan tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin ní pálọ̀, ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó sì ní ẹsẹ̀ bíi tábìlì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orin ìjọ nìkan ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Bùrọ̀dá Kúnlé ló yí ìyẹn padà.

Ọmọ Ìfọ́n ni Bùrọ̀dá Kúnlé, onífótò sì ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo. Akólòlò ni. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi yan iṣẹ́ fótò, torí iṣẹ́ tí èèyàn lè fi ìka ṣe ni: á nà án sókè, o gbé àgbọ̀n sókè, á fì í sọ́tùn-ún, o yíjú sọ́tùn-ún. Àǹtí Fọlákẹ́, àbúrò bàbá mi tó kéré jù, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ ya fótò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó padà wálé, ó ní onífótò yẹn gbéra ga, kò tiẹ̀ kí èèyàn. Ìgbà tó padà lọ gba fótò ló tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti ń gbìyànjú láti kí òun láti ìgbà tí òun ti wọlé, ìkíni náà ni kò tètè jáde.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bùrọ̀dá Kúnlé á gun máṣíìnì rẹ̀ wá, á di àwọn àwo orin sínú táwẹ́lì sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kàwé ní Amẹ́ríkà ló kó wọn bọ̀. Àwọn tó sì fẹ́ràn jù nínú wọn ni àwọn tí akọrin ti máa ń dákẹ́ orin láti sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà tí obìnrin kan ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rojọ́ ọkọ rẹ̀, tí àwọn yẹn sì ń dá a lóhùn. Òmíràn wà tí bàbá olóhùn ńlá kan sọ̀rọ̀ títí tí a fi rò pé kò ní kọrin mọ́. Àyànfẹ́ gbogbo wa ni ti ọkùnrin kan tó dúró sínú òjò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó ṣílẹ̀kùn fún òun.

Ìyá àgbà ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà màmá mi á jókòó tì í, á máa túmọ̀.

"Ó ní òun mọ̀ pé òun ṣẹ̀ ẹ́, Mà."

"Kí ló ṣe fún un?"

"Kò sọ, Mà."

"Á, ẹjọ́ rẹ̀ le nìyẹn."

Orin náà á tán, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Ìyá àgbà á tún bi wá léèrè pé, "Ṣé obìnrin yẹn ti ṣílẹ̀kùn?" bí ẹni pé tọkọtaya náà ti parí ìjà láàárín ọ̀sẹ̀.

Nínú irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ la ti rí ohun ìyanu. Àwo ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń lọ, ètè Bùrọ̀dá Kúnlé sì ń mì. Díẹ̀díẹ̀ la gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú ti akọrin, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan. Ìyá àgbà ní, "Ṣé Kúnlé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?" Ojú tì í, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé fún bàbá mi pé tí ohun èlò orin bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gba orí igi kọjá odò tó sì rí okùn dì mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ àdúgbò wa, Ìlobùú àti Ìfọ́n ò jìnnà síra. Tí èèyàn méjì bá ń rìn tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọn ò ní mọ ìgbà tí wọ́n kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ìgbà mìíràn á sùn, a ó máa ra iṣu lọ́wọ́ ara wa, a ó sì máa fẹ́ra wa. Ìgbà mìíràn á jí, àwọn àgbà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ ta ni ọ́.

Lọ́dún tí Bùrọ̀dá Kúnlé fẹ́ wá tọrọ ìyàwó, ọ̀rọ̀ náà jí. Kò sẹ́ni tó lè lọ sí oko tó wà létí ààlà, tará ibí, tará ọ̀hún. Iṣu Bàbá àgbà jẹrà sínú ilẹ̀. Inú ń bí i, ó sì sọ pé òun ò fẹ́ rí alárinà kankan. "Kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Òun fúnra ẹ̀." Àǹtí Fọlákẹ́ wọ yàrá lọ, ó sunkún. Ó mọ̀ pé ohun tí Bàbá ń béèrè ni ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ò lè ṣe.

Bùrọ̀dá Kúnlé wá ní ọ̀sán Saturday. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. "Ẹ... ẹ... ẹ k..."

"Gé e kúrú," ni Bàbá àgbà wí.

Òógùn bo ojú Bùrọ̀dá Kúnlé. Ìyá àgbà wá yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Fi àwo ẹni ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sí i."

"Ṣé ijó la fẹ́ jó ni?" Bàbá àgbà bínú.

"Ẹ jẹ́ ó fi sí i. Ẹ ní kó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ó sọ ọ́ bó ṣe lè sọ ọ́."

Bàbá mi fi àwo sí i. Bùrọ̀dá Kúnlé gbéra sórí ìkúnlẹ̀, ó dúró títí orin fi dé ibi tó ti rọlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá. Ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti agboolé tó ti wá. Ó ní òun mọ̀ pé iṣu Bàbá jẹrà, tàwọn náà jẹrà. Ó ní òun ò wá bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ kọ́ ni òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ geere, Bàbá àgbà sì ń wò ó. Lójijì, wọ́n mú iná lọ.

Ohùn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ó wúwo bíi ti màlúù, ó sì kú. Orúkọ Àǹtí Fọlákẹ́ ló kàn tí Bùrọ̀dá Kúnlé fẹ́ pè. "Fọ... Fọ... Fọ..." Kò lọ. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, màmá mi di ọwọ́ Àǹtí mú gírígírí. Bàbá àgbà la ẹnu, gbogbo wa sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ó pa ẹnu náà dé. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú, títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ọkùnrin náà.

"Má kánjú," ó ní. "Mò ń gbọ́."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Bàbá àgbà ò gé e kúrú.

Kò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìlú tòrò. Ìlú ò sì tètè tòrò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará ilé Bùrọ̀dá Kúnlé sá lọ sí Òṣogbo láìmú nǹkan púpọ̀ dání, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sì padà sí Ìfọ́n láti wo ohun tó kù, kò bá òrùlé, kò bá àwo orin. Òṣogbo náà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bàbá àgbà lọ, ó jókòó níwájú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò bi í léèrè ìdí tó fi fọmọ fún ará Ìfọ́n lásìkò yẹn. Ó dá wọn lóhùn pé, "Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, mi ò rí ibi tí n ó ti kọ̀." Bí wọ́n ṣe yẹra fún un fún ọjọ́ púpọ̀ nìyẹn, kò sì yí ohùn padà.

Bàbá àgbà àti Ìyá àgbà ti lọ. Iná ìjà ti dé ilé wa náà rí, àjókù igi máńgòrò ló kù lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì ń sùn, ó ṣì ń jí. Fóònù ti gba iṣẹ́ fótò mọ́ Bùrọ̀dá Kúnlé lọ́wọ́, ó ti darúgbó, ó sì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù báyìí bíi ti gbogbo ayé. Àwọn ọmọ mi kọ́ mi bí a ṣe ń mú ohùn bẹ́ẹ̀ sáré kó lè tètè tán. Mo bi ọmọbìnrin Àǹtí Fọlákẹ́ bóyá òun náà máa ń mú ti bàbá rẹ̀ sáré.

"Rárá o, Mà," ó ní. "Tí mo bá mú un sáré, kì í ṣe Dádì mọ́."

Lánàá, Bùrọ̀dá Kúnlé fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, ó fẹ́ mọ bí orúnkún mi ṣe ń ṣe. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná, mo jókòó, mo sì gbọ́ ọ títí ó fi tán.