Èmi Ni Mo Pa Á

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó wọ ilé-ìwé gíga láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Bàbá Lọ́yà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni èyí tó dá lórí bí dókítà ṣe ń yẹ òkú wò kí ilé ẹjọ́ lè mọ ohun tó pa á. Ó máa ń gba oorun lójú mi. Ìyàwó mi kú ní Àrámọkọ, kò sí ẹni tó yẹ òkú rẹ̀ wò. Títí di òní, n kò mọ ohun tó pa á.

Ẹ̀kọ́ náà la ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí láti Ìlórò pé ọkọ àbúrò mi obìnrin ti kú, àti pé àbúrò mi wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìjerò.

Ní àgọ́, wọ́n ní kí n jókòó. N kò lè jókòó. Wọ́n mú un jáde sí mi.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Bọ̀dá mi, mo ní èmi ni mo pa á."

"Kí ló dé?"

"Orí ń fọ́ ọ láti àárọ̀. Òjò wá ṣú. Èmi ni mo ní kó dìde lọ kó kòkó tí a sá wọlé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ṣubú, ó fi iwájú orí gbá etí pèpéle."

Ohun tí gbogbo wa ń sọ nínú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ wà níwájú orí òkú, ọlọ́pàá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́," ni ọlọ́pàá wí. Ó ní bí ẹbí ọkọ bá gbà, àwọn yóò gbé òkú fún dókítà. Bí wọ́n bá kọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, inú àhámọ́ sì ni àbúrò mi yóò wà títí yóò fi parí.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlórò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jókòó síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí òjò ti pa.

"Àna wa, ṣé ìwé tí ẹ ń kà lọ́jọ́ alẹ́ ló ní kí ẹ wá máa la ènìyàn bí ewúrẹ́? Wọn ò ní la òkú ulé wa."

"Wọ́n á rán an padà."

"Ṣé aṣọ ni?"

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ti ka gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ. Ohun mìíràn ni mo bi í.

"Nígbà tí ìyàwó mi kú, ẹ wá bá mi kẹ́dùn. Kí lẹ gbọ́ lẹ́nu mi?"

Ó rò ó. "Ẹ ní ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ sọ ọ́ títí ohùn yín fi há."

"Ṣé ẹ pe ọlọ́pàá fún mi?"

Ó wúkọ́.

"Kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú rẹ̀ o. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ rí i."

Lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mo ń rìn yí ọgbà ọsibítù ká bí ewúrẹ́ tó já okùn. Bí egungun orí bá fọ́ lábẹ́ ọgbẹ́ yẹn ńkọ́? Nígbẹ̀yìn, dókítà jáde sí èmi àti ọlọ́pàá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ṣe ọkàn rẹ̀ ní jàǹbá tipẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ nínú ọpọlọ, òun ló gbé e ṣubú. Awọ nìkan ni ọgbẹ́ iwájú orí dé, kò dé egungun.

Wọ́n tú àbúrò mi sílẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, mo sọ fún un pé, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Kì í ṣe ìwọ."

A rìn dé ẹ̀bá títì.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru," ló wí. "Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ kéré. Ta ló ń se ọbẹ̀? Bọ̀dá mi, èmi náà ni mo..."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dákẹ́. Ọlọ́pàá ṣì ń wò wá."